Ìtànṣán 3D ni tàbí VMAT? Ìdáhùn fún ọmọ tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ àpòlúkù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Bàbá mi, ẹni ọdún 63, ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ àpòlúkù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Wọ́n gé apá ìsàlẹ̀ àpòlúkù náà kúrò, wọ́n so ìyókù mọ́ ìfun. Ìwé àyẹ̀wò sọ pé T3 ni, ìyẹn ni pé jẹjẹrẹ náà ti jinlẹ̀ gan-an sínú ògiri àpòlúkù. Ó ní kókó lymph 11 ni wọ́n rí, jẹjẹrẹ sì wà nínú 5, ṣùgbọ́n etí ibi tí wọ́n gé mọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí Bàbá ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ilé ìwòsàn kan ní kí a wá gba kẹ́mò àti ìtànṣán 3D. Òmíràn ní VMAT, oríṣi ìtànṣán mìíràn, ló dára, owó tiwọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń wá ẹni tó máa ra ilẹ̀ wa. Ṣé ìyàtọ̀ méjèèjì tó ohun tí à ń ta ilẹ̀ sí? Láti Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá, ẹ sì kú ìrójú. Ọlọ́run á jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ náà jiná dáadáa. Màá dé orí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ o, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà níwájú rẹ̀ tí ẹ kò bi mí: ṣé Bàbá nílò ìtànṣán rárá? Kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n gé àpòlúkù rẹ̀ ló ń nílò rẹ̀ mọ́ láyé òde òní, mi ò sì fẹ́ kí ẹ ta ohunkóhun nítorí ìtọ́jú tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún yín.

Ìwádìí tó fi ẹsẹ̀ ìtànṣán múlẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí ni INT-0116. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2001. Aláìsàn 556 ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún gbogbo wọn, wọ́n wá fi kẹ́mò àti ìtànṣán kún un fún apá kan. Nígbà tó pé ọdún 3, nínú 100 àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ nìkan, 41 ló wà láàyè; nínú 100 àwọn tí wọ́n fi kẹ́mò àti ìtànṣán kún tiwọn, 50 ni. Mo mọ̀ pé irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ kì í dùn ún kà fún ọmọ tó ń tọ́jú bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ènìyàn 9 nínú 100 kì í ṣe ohun kékeré, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gba ìtọ́jú náà ní Amẹ́ríkà nígbà yẹn.

Ohun tó wà nídìí rẹ̀ rèé. Àwọn kókó kéékèèké tí à ń pè ní lymph node pọ̀ yí àpòlúkù ká, ibẹ̀ sì ni jẹjẹrẹ kọ́kọ́ máa ń sá sí. Oníṣẹ́ abẹ lè kó àwọn tó wà lára àpòlúkù gan-an nìkan, èyí tí wọ́n ń pè ní D1, ó sì lè wọlé jìnnà, kó kó àwọn tó wà létí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ ńláńlá tó lọ sí ẹ̀dọ̀ àti sí apá òsì ikùn. Èyí tó jìnnà yẹn ni wọ́n ń pè ní D2. Nínú ìwádìí Amẹ́ríkà yẹn, 10 péré nínú 100 ni wọ́n ṣe D2 fún. Ìtànṣán ń parí iṣẹ́ tí ọ̀bẹ kò parí nìyẹn.

Kòríà ni wọ́n ti wá dán an wò lára àwọn tí wọ́n ṣe D2 fún dáadáa. Ìwádìí ARTIST, aláìsàn 458, kò rí i pé ìtànṣán fi nǹkan gidi kún kẹ́mò lára gbogbo wọn lápapọ̀. Ó dà bíi pé ó ran àwọn tí jẹjẹrẹ wà nínú kókó wọn lọ́wọ́, ni wọ́n bá ṣe ARTIST 2 fún irú àwọn bẹ́ẹ̀ nìkan. Nígbà tí èsì jáde ní 2021, ìtànṣán kò tún fi nǹkan kan kún kẹ́mò tó lágbára. Ní Yúróòpù, ìwádìí CRITICS tí èsì rẹ̀ jáde ní 2018, aláìsàn 788, kò rí ìyàtọ̀ nínú ẹ̀mí gígùn láàárín àwọn tó gba kẹ́mò nìkan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ àti àwọn tí wọ́n fi ìtànṣán kún tiwọn. Gbogbo àwọn tí wọ́n kó sínú CRITICS ló ti gba kẹ́mò kí wọ́n tó gé wọn.

Níbo wá ni Bàbá wà nínú gbogbo èyí? Kókó 11. A máa ń fẹ́ kí wọ́n rí 16 ó kéré tán kí ọkàn wa tó balẹ̀ pé wọ́n kó o dé ibi tó yẹ. Bàbá kò gba kẹ́mò ṣáájú, 5 nínú 11 sì ní jẹjẹrẹ. Irú wọn gan-an ni wọ́n kó sínú ìwádìí 2001 yẹn, nítorí náà mi ò bá àwọn dókítà yín jà: ìtànṣán ní iṣẹ́ tó máa ṣe lára Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bá oníṣẹ́ abẹ, kí ẹ bi í pé, "Ṣé D1 ni ẹ ṣe tàbí D2?" Nígbà mìíràn oníṣẹ́ abẹ á kó o tán, ẹni tó wò ó nínú yàrá àyẹ̀wò ni kò ní fara balẹ̀ wá gbogbo kókó inú ẹran náà. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ní kí wọ́n padà sí ẹran tí wọ́n tọ́jú pamọ́, kí wọ́n tún un wá. Owó rẹ̀ kéré gan-an sí owó ilẹ̀, ó sì lè yí ìtọ́jú Bàbá padà pátápátá.

Ká gbà pé ìtànṣán ló kàn. Ìwọ̀n tí a máa ń fún ènìyàn ni 45 Gray; Gray ni a fi ń wọn ìtànṣán. A ń pín in sí ọjọ́ 25, 1.8 lójúmọ́, Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ì báà jẹ́ 3D, ì báà jẹ́ VMAT, 45 yìí kan náà ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé èyí tó wọ́n ló lágbára jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Agbára kan náà ni wọ́n fi ń lu jẹjẹrẹ. Ibòmíràn tí ìtànṣán náà ń bà lọ́nà ni wọ́n ti yàtọ̀.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ojú méjì la fi ń ta á: ọ̀kan láti iwájú, ọ̀kan láti ẹ̀yìn. Ohunkóhun tó bá wà láàárín wọn, ìwọ̀n kan náà ló ń gbà, yálà jẹjẹrẹ ni o, yálà kíndìnrín ni. Bí ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nínú ìwádìí 2001 ṣe gba tiwọn náà nìyẹn. 3D kúrò níbẹ̀. A ó ya CT scan, a ó rí inú ara ní ìbú, ní òòró àti ní jíjìn, a ó wá ta ìtànṣán láti ojú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, a ó sì ṣe ẹnu ojú kọ̀ọ̀kan kó bá àwòrán ibi tí à ń wá mu. Ṣùgbọ́n bí ìtànṣán bá ti jáde láti ojú kan, bákan náà ló máa le káàkiri ojú yẹn.

IMRT ló yí ìyẹn padà. Ẹ wo ẹni tó gbé páńpù kọ́ ẹ̀yìn, tó ń fín oògùn apakoríko sí oko tí ẹ̀fọ́ wà láàárín rẹ̀. Bí ẹnu páńpù bá ṣí sílẹ̀ bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ̀fọ́ á bá koríko lọ. Bó bá ń dín in kù nígbà tó bá dé ìdí ẹ̀fọ́, tó tún ń ṣí i nígbà tó bá kọjá, koríko á kú, ẹ̀fọ́ á wà. Àwọn ewé irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ IMRT ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Wọ́n ń ṣí, wọ́n ń pa dé, láti ojú márùn-ún sí mẹ́sàn-án. Dókítà á sọ fún kọ̀ǹpútà pé, "Ibí yìí gbọ́dọ̀ gba 45, kíndìnrín kò gbọdọ̀ ju báyìí lọ," kọ̀ǹpútà á sì ṣírò bí ewé yóò ṣe máa rìn. VMAT, IMRT náà ni, àfi pé ẹ̀rọ kì í dúró ní ojú kọ̀ọ̀kan. Ó ń yí aláìsàn ká bó ṣe ń ta ìtànṣán, ó sì ń yí agbára rẹ̀ padà bó ṣe ń lọ. Nítorí náà ó yá. Ohun tí IMRT lè lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá lé fún, VMAT lè parí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́rin. Ní ti bí wọ́n ṣe ń bo jẹjẹrẹ àti bí wọ́n ṣe ń yẹra fún kíndìnrín, ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì. Bí ilé ìwòsàn kan bá ní IMRT tí kò ní VMAT, ẹ má rò pé ẹ ti pàdánù nǹkan ńlá.

Mo ń dárúkọ kíndìnrín ṣáá, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Kíndìnrín òsì wà lẹ́yìn ibi tí àpòlúkù wà gan-an, ó sún mọ́ àwọn kókó apá òsì tí a fẹ́ lù. Pẹ̀lú ojú méjì, apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ á gba ìtànṣán bíi pé òun ni jẹjẹrẹ. Kò ní pariwo. Láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Àwọn oníwádìí Nẹ́dálándì kan wọn iṣẹ́ kíndìnrín àwọn aláìsàn léraléra lẹ́yìn kẹ́mò àti ìtànṣán fún àpòlúkù, wọ́n tẹ èsì jáde ní 2007, wọ́n sì rí i pé iṣẹ́ kíndìnrín òsì ń dínkù díẹ̀díẹ̀ bí oṣù ṣe ń gorí oṣù. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tí kíndìnrín ọ̀tún rẹ̀ pé, ó lè má mọ̀ láé. Ṣùgbọ́n Bàbá ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọdún mẹ́wàá, ẹ̀jẹ̀ ríru sì máa ń jẹ kíndìnrín. Bí wọ́n bá tún fẹ́ fi cisplatin sínú kẹ́mò rẹ̀, oògùn yẹn náà le fún kíndìnrín.

Ìdí nìyí tí màá fi sọ ojú abẹ níkòó: bí gbogbo nǹkan bá dọ́gba, fún Bàbá yín, VMAT tàbí IMRT ni màá mú. Ẹ jẹ́ kó yé yín pé ìwádìí tó fi méjèèjì wé ara wọn, tó sì fi hàn pé VMAT ń mú ẹ̀mí gùn ju 3D tí a ṣe dáadáa lọ, kì í ṣe ohun tí mo ní lọ́wọ́. Èrè tó dá mi lójú ni ti kíndìnrín àti ẹran ara tó wà nítòsí.

Nǹkan kì í sábà dọ́gba ṣá o. VMAT náà ní gbèsè tó ń san. Nítorí pé ó ń yí ara ká, ìtànṣán díẹ̀díẹ̀ ń fọ́n káàkiri bí ìrì: kíndìnrín ọ̀tún, ẹ̀dọ̀, ìfun. Ìwọ̀n rẹ̀ kéré, kò sì jẹ́ ohun tí màá torí rẹ̀ kọ̀ ọ́ fún ẹni ọdún 63. Èyí tó ń kó ọkàn mi sókè jù ni pé VMAT kò fàyè gba àṣìṣe. Ó ń gé ìtànṣán sí etí ibi tí dókítà fa ìlà sí lórí àwòrán CT láti fi ibi tí a fẹ́ lù hàn, bí abẹ. Bí ìlà bá ṣì, ó máa fi gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ lu ibi tí kò yẹ, kókó tó ní jẹjẹrẹ á sì wà níta. Nínú ikùn tí wọ́n ti gé nǹkan kúrò, fífa ìlà ṣòro. Àpòlúkù kò sí níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ìfun ti gòkè wá gba àyè rẹ̀. Nínú ìwádìí 2001 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní kí àwọn àgbà yẹ ètò ìtànṣán aláìsàn kọ̀ọ̀kan wò. Nínú 100, 35 ló ní àṣìṣe, ńlá tàbí kékeré, wọ́n sì tún ọ̀pọ̀ jù lọ ṣe kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ojú méjì nìyẹn o, èyí tó rọrùn jù! Ọwọ́ tó ń fa ìlà ló ń pinnu ohun tí ẹ̀rọ máa ṣe.

Àpòlúkù tó ṣẹ́kù àti kíndìnrín tún máa ń lọ sókè sódò bí ènìyàn bá ṣe ń mí. Ibi tó dára máa ń wọn ìrìn yẹn, wọ́n á ní kí Bàbá má jẹun fún bíi wákàtí mẹ́ta ṣáájú kí ikùn rẹ̀ lè rí bákan náà lójoojúmọ́, wọ́n á sì ya àwòrán lórí bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n tó ta ìtànṣán. Ibi tí wọ́n bá ti ń ṣe VMAT láìya àwòrán rárá, ẹ jọ̀ọ́, 3D tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe sàn jù ú lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ilẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún kíndìnrín Bàbá, ìyẹn creatinine. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ ṣe àyẹ̀wò renogram, tó máa ń sọ iye iṣẹ́ tí ọ̀tún ń ṣe àti iye tí òsì ń ṣe. Èyí ṣe pàtàkì gan-an. Mo ti rí aláìsàn tí creatinine rẹ̀ dára, tó wá jẹ́ pé kíndìnrín òsì rẹ̀ ló ń gbé e, ọ̀tún ti rọ. Bí a bá fi 3D lu òsì irú ẹni bẹ́ẹ̀, a ti bà á láyé jẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ní 3D, kí ẹ ní kí wọ́n ya CT scan ètò, kí wọ́n sì ṣètò ìtànṣán náà sórí kọ̀ǹpútà kí ẹ tó san gbogbo owó. Kọ̀ǹpútà á yọ àwòrán ìlà títẹ̀ kan jáde tó ń fi ìwọ̀n tí ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan máa gbà hàn. Ẹ ní kí dókítà ka ti kíndìnrín fún yín. A ń fẹ́ kí ìpíndọ́gba fún kíndìnrín méjèèjì wà nísàlẹ̀ 18 Gray, bó bá sì ṣeé ṣe, kó sún mọ́ 15. Ìpíndọ́gba ti ẹ̀dọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá nǹkan bíi 28 sí 30. Mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ rí ju 45 lọ. Bí 3D bá lè wọ inú àwọn ààlà wọ̀nyí, tí kíndìnrín méjèèjì sì ń ṣiṣẹ́, ẹ fi ilẹ̀ yín sílẹ̀. Ẹ gba 3D, kí ẹ fi owó tó kù bọ́ Bàbá, kí ẹ fi ra kẹ́mò tó pé. Bí kò bá lè wọ̀ ọ́, tàbí tí kíndìnrín kan ti rọ, VMAT tó ohun tí ènìyàn ń wá owó sí, màá sì bá ẹ̀gbọ́n yín sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé dókítà míì kì í fẹ́ kí wọ́n bi òun ní irú ìbéèrè yìí. Ẹ bi í síbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á gbé kọ̀ǹpútà kọjú sí yín.

Ohun mìíràn tó lè borí gbogbo àfiwé yìí ni àkókò. Nínú ìwádìí 2001, láàárín nǹkan bí ọjọ́ 20 sí 40 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ń kó àwọn aláìsàn sínú ìtọ́jú. Kẹ́mò ni wọ́n kọ́kọ́ fún wọn fún nǹkan bí oṣù kan, kí ìtànṣán tó dé. Ìyẹn ni pé Bàbá lè bẹ̀rẹ̀ kẹ́mò nígbà tí ẹ ṣì ń ṣe renogram, tí ẹ ṣì ń ṣe ìpinnu. Kò sí ìdí láti jókòó lásán. Bó bá sì jẹ́ pé oṣù mẹ́ta ni VMAT tó ní kí ẹ tò sí, tí 3D wà ní Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Bákan náà ni ẹ̀rọ tó ń bàjẹ́. Ọjọ́ 25 yẹn kò gbọdọ̀ máa já, nítorí jẹjẹrẹ máa ń tún ara rẹ̀ ṣe nígbà tí a bá dáwọ́ dúró. Ní ilẹ̀ wa, a mọ ohun tí iná mànàmáná, ìyanṣẹ́lódì àti ẹ̀yà ẹ̀rọ tó ń bọ̀ láti òkè òkun lè ṣe. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní ju ẹ̀rọ kan lọ, ẹ sì bi àwọn aláìsàn tó jókòó níta ní ìbéèrè kan náà. Wọ́n á sọ òótọ́ fún yín. Ó dára pé ibi tí a lè lọ ti ń pọ̀ sí i, bíi ti NSIA-LUTH ní Ìdí-Àràbà, Èkó, tí wọ́n ṣí ní 2019.

Ẹ rántí ọ̀nà náà. Bí VMAT bá wà ní Èkó tí Bàbá ń gbé Ìbàdàn, ẹ má gbé e wá gbé e lọ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Inú á máa rìn ín, ó máa rẹ̀ ẹ́, kò sì ní lè jẹun. Owó ilé tí ẹ máa gbà sítòsí, ẹ kà á mọ́ owó ìtọ́jú. Nínú ìwádìí Amẹ́ríkà yẹn, 64 péré nínú 100 ló parí ìtọ́jú bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀. 17 nínú 100 dá a dúró nítorí ìnira rẹ̀. Nítorí náà, ẹ bi wọ́n nípa oògùn èébì kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kó máa lò ó ṣáájú ìtànṣán dípò kó dúró di ìgbà tó bá bì. Oúnjẹ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́: ẹyin, ẹja, mọ́ínmọ́ín rírọ̀, ẹ̀kọ. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá rù gan-an, ìrísí ikùn á yí padà, ètò tí wọ́n ṣe sórí kọ̀ǹpútà kò sì ní bá a mu mọ́. Wọ́n ní láti tún un ṣe, pàápàá bó bá jẹ́ VMAT.

Mo bẹ̀ yín, kò gbọdọ̀ sí àgbo, kò sì gbọdọ̀ sí diclofenac tàbí ibuprofen tí wọ́n rà ní kẹ́míìsì nítorí ẹ̀yìn dídùn. Ẹ ò lè ná owó ilẹ̀ láti dáàbò bo kíndìnrín, kí ẹ tún máa fi ọwọ́ kejì bà á jẹ́ nílé. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, kó má já a rárá.

Níkẹyìn, CT scan tí wọ́n ya kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ wá a jáde níbikíbi tó bá wà, orí CD ni o, fíìmù ni o. Ẹ gba ìwé tí oníṣẹ́ abẹ kọ nípa bó ṣe gé e, àti ìwé yàrá àyẹ̀wò. Ẹ kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dání lọ sí ibi yòówù tí ẹ bá yàn. Láti inú wọn ni ẹni tó máa fa ìlà ti máa mọ ibi tí jẹjẹrẹ náà wà nígbà tó ṣì wà níbẹ̀.